Ẹ Káàbọ̀ sí Detroit: Àwo Orin tí J Dilla Fi Pe Àwọn Ará Ilé Rẹ̀ Jáde

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí a bá bí sí ìdílé onílù, Àyàn ni yóò ṣíwájú orúkọ rẹ̀; ti ìdílé ọdẹ a máa jẹ́ Ọdẹ́; ti ìdílé babaláwo a sì máa jẹ́ Ifá. Kí ọmọ náà tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ó ti wá fún gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ọdún 2001, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ohun tí ó fara jọ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ òwe wa rí. James Dewitt Yancey ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà náà. Ó ti lo ọdún mélòó kan gẹ́gẹ́ bí olóòtú orin hip hop fún àwọn gbajúmọ̀ olórin, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jó sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ fún un láti gbé àwo orin tirẹ̀ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Ilé ni ó wò. Ó pe àwo náà ní Welcome 2 Detroit, èyí tí í ṣe "Ẹ káàbọ̀ sí Detroit" ní èdè wa.

Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ojú Detroit ti rí ni ìkíni yìí yóò yé dáadáa. Ìlú náà, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sọ di olókìkí. Ní 1950, àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ lé ní 1,800,000. Nígbà tí a tún ka ènìyàn ní 2000, wọ́n ti kù sí nǹkan bí 951,000. Iṣẹ́ ń wọ́n, àwọn tí ó rí ọ̀nà lọ ń kó lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sì ń di ahoro. Kódà Motown, ilé-iṣẹ́ orin tí Berry Gordy dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1959, tí ó gbé ohùn ìlú náà dé gbogbo àgbáyé, kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Los Angeles ní 1972. Ìlú tí àwọn ènìyàn ń ti inú rẹ̀ jáde ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ó ń kí àlejò káàbọ̀.

Iṣẹ́ ẹni tí a kì í rí

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí olóòtú orin ń ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ẹni tí a bá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àwo ni ó dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Bí a bá lọ sí òde ìnáwó, ẹni tí ó wọ aṣọ ni à ń yìn. Ẹni tí ó béèrè télọ̀ tí ó rán an kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orin hip hop rí. Akọrin ni ó ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ìsáré ìsáré, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ráàpù. Olóòtú orin ni ó ti ṣe ìlù àti àwọn ohùn tí akọrin náà yóò gùn lé. A máa tú inú àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, a máa wá ibi kékeré kan tí ó dùn mọ́ ọn nínú, bóyá ìró dùùrù tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Yóò gé e, yóò yí i padà, yóò fi ìlù tuntun sí i lábẹ́, yóò sì sọ ọ́ di ohun tí ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ lè má dá mọ̀.

Yancey jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Jay Dee ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí. Ní 1995 ó ṣe iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ The Pharcyde ti Los Angeles. Ní 1996 ó ṣe orin tí De La Soul fi sọ àwo wọn lórúkọ, ìyẹn Stakes Is High. Òun pẹ̀lú Q-Tip àti Ali Shaheed Muhammad dá àjùmọ̀ṣe kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Ummah, wọ́n sì ṣe àwọn àwo méjì fún A Tribe Called Quest, ọ̀kan ní 1996, èkejì ní 1998. Ṣùgbọ́n orúkọ àjùmọ̀ṣe náà ni a máa ń kọ sí ẹ̀yìn àwo. Ẹni tí ó bá kà á kò lè mọ èyí tí Jay Dee nìkan jókòó ti ní òru títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọdún 2000 ni iṣẹ́ rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn olórin kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Soulquarians, pẹ̀lú Questlove onílù, D'Angelo, àti James Poyser atẹ-dùùrù. Lọ́dún náà ni Common, ọmọ Chicago, gbé Like Water for Chocolate jáde, àwo tí Jay Dee ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn orin rẹ̀. Orin tí ó ṣí àwo náà jẹ́ ìrántí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ẹni tí ó kú ní 1997, Fẹ́mi Kútì ọmọ rẹ̀ sì wà nínú àwọn tí ó kópa níbẹ̀. Nínú orin mìíràn tí à ń pè ní Heat, ìlù Tony Allen ni Jay Dee gé mú tí ó tún tò. Bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa bá gbọ́ orin náà tí ó dà bí ẹni pé ẹ ti gbọ́ ìlù ọ̀hún rí, ẹ kò ṣì í gbọ́.

Ilé tí ó ti wá

Àdúgbò Conant Gardens, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Detroit, ni ó dàgbà sí. Orúkọ Shubael Conant ni a fi pe àdúgbò náà, ọkùnrin kan tí ó bá wọn jà láyé àtijọ́ kí òwò ẹrú lè dópin. Ó wá di ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti lè ra ilẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ilé ara wọn, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ àdúgbò kò fẹ́ tà fún wọn.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejì, 1974, ni a bí i. Bàbá rẹ̀, Beverly Dewitt Yancey, a máa ta béèsì nínú ẹgbẹ́ orin jáàsì. Ìyá rẹ̀, Maureen, ti fi ìgbà kan jẹ́ akọrin opera. Nítorí náà orin kò ṣàjèjì nínú ilé wọn. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù pọ̀ nílé bí ìwé ṣe ń pọ̀ nílé olùkọ́, ọmọ náà sì ń tú wọn wò láti kékeré. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ mọ́ ọkọ̀ òfurufú, Davis Aerospace, ni ó kọ́kọ́ lọ ní girama kí ó tó bọ́ sí Pershing. Òbí wo ni kò ní fẹ́ kí ọmọ òun mọ iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú? Àwa náà mọ bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nínú ilé, nígbà tí ọmọ tí orí rẹ̀ pé bá ní orin ni òun fẹ́ máa ṣe.

Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Nínú àdúgbò yìí kan náà ni Amp Fiddler ń gbé, atẹ-dùùrù tí ó ti bá ẹgbẹ́ George Clinton rìn káàkiri ayé. Ó ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n fẹ́ kọ́ orin. Òun ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí à ń pè ní MPC han James, ẹ̀rọ kan tí ó ní àwọn bọ́tìnì fẹ̀ǹfẹ̀ tí a lè fi ìka lù bí ẹni ń lu ìlù, tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan sì lè gbé ohùn tí a bá fi sínú rẹ̀ jáde. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1994, òun náà ni ó mú un mọ Q-Tip, tí ilẹ̀kùn ńlá fi ṣí. Bí aládùúgbò yìí bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́rí ni, bóyá ni à bá gbọ́ orúkọ J Dilla rí.

Ní Pershing ni James ti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, T3 àti Baatin, pàdé, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Slum Village sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn ni Phat Kat. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹ́ 1st Down, wọ́n sì jọ bá ilé-iṣẹ́ orin kan tọwọ́ bọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Orin kan ṣoṣo ni ó tibẹ̀ jáde ní 1995 tí àdéhùn náà fi forí ṣánpọ́n. Ẹ fi orúkọ Phat Kat yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀.

Ìpè láti Lọ́ńdọ̀nù

Ilé-iṣẹ́ orin kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù, BBE, ni ó ránṣẹ́ sí i. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ àwo kan tí wọ́n pè ní Beat Generation, nínú èyí tí olóòtú orin, ẹni tí a kì í rí, yóò bọ́ síwájú, tí yóò sì ṣe ohun tí ó wù ú. Pete Rock, Marley Marl, DJ Jazzy Jeff àti will.i.am wà lára àwọn tí ó ṣe tiwọn nínú ọ̀wọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jay Dee ni ó ṣí i.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ọkùnrin tí ó ti ṣiṣẹ́ fún Q-Tip, fún Busta Rhymes, fún Common, fún Erykah Badu, lè ké sí ẹnikẹ́ni nínú wọn kí wọ́n wá kọrin nínú àwo rẹ̀. Ohun tí olówò yóò sì gbà á nímọ̀ràn nìyẹn, nítorí orúkọ ńlá a máa tajà. Kò pe ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn ọmọ Detroit ni ó pè: Phat Kat, Elzhi, ọ̀dọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí ó wá di ọmọ ẹgbẹ́ Slum Village lẹ́yìn náà, Frank-N-Dank, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ní Conant Gardens, Beej, Hodge Podge àti Lacks, Dwele, tí ó ń tẹ dùùrù tí ó sì ń kọrin, àti Karriem Riggins onílù. Púpọ̀ nínú wọn ni a kò mọ̀ kọjá ìlú wọn lọ́jọ́ tí àwo náà jáde.

Bí ó bá jẹ́ pé ìyàwó ilé ni, à bá ní ó ní àlejò pàtàkì ní ìta, ó sì lọ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde láti yàrá, ó ní kí àlejò wò wọ́n dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà tilẹ̀ wà tí kò ní orúkọ mìíràn ju Feat. Phat Kat lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí "pẹ̀lú Phat Kat". Lẹ́yìn àwo, àyè kékeré lábẹ́ orúkọ olórin ni a máa ń kọ orúkọ akọrin àlejò sí. Jay Dee mú orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò ní àyè kékeré náà, ó fi í ṣe orúkọ orin. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ gba ìjákulẹ̀ ní 1995 kò ṣe é gbàgbé ní ọjọ́ ìdùnnú.

Orí àwo yìí kan náà ni ó ti yí orúkọ ara rẹ̀ padà. Olóòtú orin mìíràn wà, Jermaine Dupri ti Atlanta, tí àwọn ènìyàn ń pè ní J.D., èyí sì máa ń da orúkọ pọ̀ mọ́ra. Nítorí náà a kọ ọ́ sára àwo pé Jay Dee, tí a tún ń pè ní J Dilla. Orúkọ tuntun náà ni ayé ń pè é di òní.

Ohun tí ó wà nínú àwo náà

Ẹni tí ó bá rò pé ráàpù nìkan ni òun yóò gbọ́ yóò yà á lẹ́nu. Nínú Think Twice, J Dilla fúnra rẹ̀ ni ó ń kọrin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tí ń sùn, tí Dwele sì ń fi dùùrù àti fèrè tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì tì í lẹ́yìn. Orin náà kì í ṣe tuntun. Donald Byrd ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1975, àgbà onífèrè kan tí a bí ní Detroit ní 1932. Dilla kò kàn gé e mú gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ń kọrin bàbá nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni African Rhythms, tí ẹgbẹ́ Oneness of Juju kọ ní 1975 lábẹ́ ìdarí James "Plunky" Branch tí ń fọn sakisofóònù. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ń wá ọ̀nà padà sí ilẹ̀ baba wọn nípasẹ̀ aṣọ, orúkọ àti ìlù. Dilla mú orin náà, ó jẹ́ kí ìlù gba iwájú. Bí ẹ bá tún gbọ́ síwájú, ẹ ó bá a ní Brasil: Rico Suave Bossa Nova jẹ́ orin tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ara rẹ̀ tutù bí atẹ́gùn etí òkun; Brazilian Groove sì jẹ́ ìkíni fún ẹgbẹ́ Earth, Wind & Fire.

Orin B.B.E. ni ó máa ń ya àjèjì lẹ́nu jù, nítorí pé Kraftwerk, ẹgbẹ́ àwọn ará Jámánì tí ń fi ẹ̀rọ kọrin, ni ó fi ṣe àwòkọ́ṣe. Kí ni ó pa Jámánì pọ̀ mọ́ Conant Gardens? Ìdáhùn wà ní Detroit fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Electrifying Mojo a máa gbé orin Kraftwerk sí orí rédíò ìlú náà lálẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Prince àti ti George Clinton. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú bíi Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson dàgbà nínú irú ohùn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá orin tẹ́kínò sílẹ̀. Nígbà tí Dilla ṣe orin yìí, kò ti ilé kúrò. Yàrá kan nínú ilé náà ni ó ṣí.

Èyí ni ó mú kí àkọlé àwo náà jẹ́ òtítọ́. Detroit tí ó ń kí wa káàbọ̀ sí kì í ṣe ti àwọn ìwé ìròyìn, níbi tí a kì í ti í gbọ́ ju ìbọn àti ilé ahoro lọ. Ìlú tí jáàsì, tẹ́kínò, orin ẹ̀mí àti ráàpù jọ ń gbé ojúlé kan náà ni. A kò ní ṣàì sọ ọ́ fún ẹ̀yin òbí pé ọ̀rọ̀ inú àwọn orin ráàpù ibẹ̀ kan le, kò sì yẹ etí ọmọdé. Ṣùgbọ́n àwọn orin tí kò ní ọ̀rọ̀ rárá, àti Think Twice, lè dún nínú pálọ̀ láìda ojú ti ẹnikẹ́ni.

Ìlù tí kò tẹ̀lé aago

Ohun tí àwọn olórin kárí ayé ń kọ́ lára Dilla jù lọ ni bí ó ṣe ń gbé ìlù kalẹ̀. Ẹ̀rọ MPC ní ohun kan nínú tí ń ṣe àtúnṣe: bí ìka onílù bá yá jù tàbí tí ó pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò fà á sí ibi tí ó tọ́ gan-an, bí ẹni ń to bíríkì sórí okùn. Dilla a máa pa àtúnṣe yìí tì, tàbí kí ó sún ohùn kan síwájú díẹ̀, kí ó sì fa òmíràn sẹ́yìn, nínú orin kan náà. Etí àkọ́gbọ́ yóò rò pé ìlù náà fẹ́ ṣubú. Kò ní ṣubú. Dan Charnas, tí ó kọ ìwé Dilla Time ní 2022, ṣàlàyé pé ọ̀nà mìíràn pátápátá ni èyí láti gbé ìlù rìn: kì í ṣe ti ìlù tí ń rìn tààrà, kì í sì í ṣe ti ìlù jáàsì tí ń fì. Méjèèjì ni ó fi kọ lu ara wọn.

Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn onídùndún rí kò nílò àlàyé púpọ̀. Gúdúgúdú a máa dún lọ láìyẹsẹ̀, bí ọkàn ṣe ń lù. Ìyáàlù ní tirẹ̀ kò ní ẹjọ́ aago í rò. Bí ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ bá gùn, yóò dúró, yóò fa á, yóò tún já wọlé níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní onílù ṣìṣe. Ẹni tí ó mọ̀ yóò mọ̀ pé ibi tí ìyáàlù ti pẹ́ ni adùn wà. A kò sọ pé Dilla kọ́ ìlù lọ́dọ̀ àwọn Àyàn. Ohun tí a ń sọ ni pé etí Yorùbá lè gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ògbufọ̀.

Ìyá àti ọmọ

Kò pẹ́ lẹ́yìn àwo yìí tí àìsàn dé. Ní nǹkan bí 2002 ni wọ́n sọ fún un pé ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní TTP, nínú èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú àwọn iṣan kéékèèké. Lẹ́yìn náà ni lupus tún hàn, àìsàn tí ń mú kí àwọn ọmọ ogun ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn, dojú ìjà kọ ara fúnra rẹ̀. Dilla kó lọ sí Los Angeles. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ ń pè ní Ma Dukes, fi ilé sílẹ̀, ó lọ jókòó tì í ní ọsibítù. Ó ti sọ fún àwọn oníròyìn pé nígbà tí ìka ọmọ òun bá wú, tí kò ṣeé ká, òun ni òun máa ń fi ọwọ́ ra wọ́n títí tí yóò fi lè padà sídìí ẹ̀rọ.

Ní òpin 2005, Dilla rin ìrìn-àjò lọ kọrin ní Yúróòpù. Orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni ó jókòó sí lórí ìtàgé. Ìyá rẹ̀ bá a lọ. Àwọn wo ni wọ́n tún wà pẹ̀lú rẹ̀? Phat Kat, àti Frank, ọ̀kan nínú Frank-N-Dank. Àwọn tí ó pè jáde láti yàrá lọ́dún 2001 ni ó ń dì í mú ní 2005.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejì, 2006, tí ó pé ọmọ ọdún 32, ni àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Donuts jáde. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó dágbére fáyé. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì parí, The Shining. Karriem Riggins, onílù ọmọ Detroit tí ó wà nínú àwo àkọ́kọ́, ni ó jókòó parí rẹ̀, BBE sì gbé e jáde lọ́dún náà.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ogún rẹ̀ kò rọrùn. Owó orí wà tí ó jẹ ìjọba, àríyànjiyàn sì wáyé fún ọdún púpọ̀ lórí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti lo orúkọ rẹ̀ àti àwọn orin tí ó fi sílẹ̀. Ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ń fi ọwọ́ tàbí ọpọlọ ṣiṣẹ́: kí á máa kọ ọ̀rọ̀ owó àti ohun ìní wa sílẹ̀ kedere nígbà tí ara bá ṣì le, kí iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó bọ́ àwọn ọmọ má baà di ohun tí ń lé wọn kiri ilé ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí ẹjọ́ kò lè gbà. Ma Dukes fi ẹ̀rọ MPC ọmọ rẹ̀ ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington lọ́rẹ, èyí tí ó ṣí ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹsàn-án, 2016. Ẹ̀rọ tí ìka rẹ̀ ti lù láìmọye ìgbà di ohun tí àwọn òbí ń mú ọmọ wọn lọ wò. Ní ìlú Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀nà kan wà tí a fi orúkọ Jay Dee pè. Ní 2021, tí Welcome 2 Detroit pé ọmọ ogún ọdún, BBE tún un gbé jáde nínú àpótí àwọn àwo kéékèèké, kí àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà lè gbà á mú.

Bí àwọn àjèjì bá ń lọ sí Detroit lónìí láti wá Conant Gardens, tí wọ́n ń béèrè ilé tí ọmọ Yancey gbé, kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni polówó àdúgbò náà fún wọn. Ọmọ ibẹ̀ kan ni ó kí wọn káàbọ̀. Ó ní ànfààní láti fi orúkọ àwọn ẹni ńlá gbé ara rẹ̀ ga, ó yàn láti fi orúkọ tirẹ̀ gbé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde, orúkọ náà sì tó gbogbo wọn lò.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ilẹ̀kùn bá ṣí fún yín lọ́la, ẹ bojú wẹ̀yìn wò kí ẹ tó wọlé. Ẹ wò bóyá aládùúgbò kan wà níbẹ̀ tí ó kọ́ yín ní iṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, tàbí ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ gba ìjákulẹ̀ àkọ́kọ́. Orúkọ wọn yẹ ní pípè.